Ẹṣin Àpáta tí Mo Fi Ẹnu Ara Mi Bí

Inú ń bí mi, mi ò ní fi pamọ́.

Iṣẹ́ gíìdì ni mò ń ṣe: èmi ni mò ń mú àlejò gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú wa Bantè, níbi tí àwọn ìyá ńlá wa sá sí nígbà ogun Ìdàhọ̀mì. Ìwé mi kò jìnnà, pàṣán tíṣà ló lé mi kúrò nílé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi gùn ju ọ̀nà Savalou lọ. Àlejò tó bá ti rẹ̀, ìtàn ni mo fi ń fà á gòkè. Mo sọ fún àwọn kan pé ọ̀bọ orí òkè wa gbọ́ Faransé. Wọ́n sì kí i ní bọ̀ǹsúù!

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin sísanra kan jókòó sórí àpáta, ó ní òun kò lọ mọ́. Mo pariwo pé, "Ẹ dìde! Ẹṣin ọba lẹ jókòó lé yẹn, ó di òkúta níbi tó ti ń lé ọ̀tá!" Ó fò sókè, ó sì sáré gun èyí tó kù.

Mi ò mọ̀ pé Mùsíò, ọ̀gá tó ń bójú tó òkè náà, ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà tuntun, iwájú ẹṣin mi ni wọ́n gbé e gbà, wọ́n sì ri pátákó tí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sí mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀gún dí ọ̀nà àtijọ́ tó lọ síbi ojú ọlọ, àwọn kòtò tí àwọn obìnrin fi ọkà lílọ gbẹ́ sára àpáta nígbà tí wọ́n ń sá pamọ́.

Mo lọ bá a. "Mùsíò, irọ́ ni ẹṣin yẹn. Èmi ni mo pa á."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ tún ti dé! Gbogbo ayé ló mọ ẹṣin yẹn."

"Èmi ni mo bí i!"

"Àlejò fẹ́ràn rẹ̀. Ta ló fẹ́ wá wo ihò?"

Ihò! Ìyá ńlá mi sọ fún mi pé ìyá òun lọ bàbà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ó sì fi aṣọ dí ọmọ náà lẹ́nu kí ẹkún má bàa tú wọn fó. Mi ò sọ ìyẹn fún àlejò rí, torí kò pa ni lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn rẹ̀, ìyàwó mi wò mí. "Bàbá Ràfíù, ta lẹ ń bínú sí? Ṣé ẹni tó kọ ọ́ ni, àbí ẹni tó sọ ọ́?"

Mo bínú sí òun náà, torí òótọ́ ló sọ.

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé àdá. Ǹ bá ní ẹkùn méjì ló bá mi ṣán ọ̀nà àtijọ́ yẹn, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ní ọjọ́ kẹta, Mùsíò gòkè wá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ta ló fún yín láṣẹ?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo kì í bọ ojú ọlọ. Ó wọlé dé ọrùn ọwọ́. Inú rẹ̀ ń dán bí inú igbá.

"Kí ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ?"

"Ọwọ́," mo ní. "Ọwọ́ obìnrin."

Mi ò fi nǹkan kan kún un. Òun náà kò tètè yọ ọwọ́ rẹ̀.

Pátákó ẹṣin ṣì wà níbẹ̀, inú sì ń bí mi síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àtijọ́ ni mò ń mú àlejò gbà báyìí, tí a bá sì dé ibi ojú ọlọ, mo máa ń pa ẹnu mi mọ́.