Iṣu Ìdúpẹ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Lè Jẹ

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ẹ̀gbọ́n mi ní Àbújá, òkè gígun sì ni fàájì rẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, yóò wọ bàtà kánfáàsì, ó di Mpape, níbi tí òkè àpáta wà. Kó tó gun àpáta, yóò fọwọ́ lù ú pẹ́pẹ́: "Bàbá, ẹ kú ìjókòó o."

Àwọn ará ìjọ rẹ̀ tó gbọ́ nípa ìkíni yìí rò pé àdúrà ló ń lọ gbà níbẹ̀, kò sì já wọn nírọ́. Ìyá kan nínú wọn bá bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun dárúkọ ọmọ òun tó ń ṣàìsàn lórí òkè.

"Mo ti gbọ́, mà."

Ó débẹ̀, atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó jẹ ọsàn, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó gbàgbé ọmọ náà pátápátá.

Ọmọ yá. Ìyá rẹ̀ gbé iṣu wá, ó kúnlẹ̀: "Bọ̀ọ̀dá, Ọlọ́run gbọ́ tiyín!"

Ẹ̀gbọ́n mi gba iṣu náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun gbàgbé ọmọ náà. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ọsàn lẹ lọ jẹ lórí òkè, iṣu ló tẹ̀lé e délé."

Kò lè fẹnu kan iṣu náà. Ó ṣì ń gun òkè, àmọ́ kì í kí àpáta mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, kí lẹ̀ bá sọ fún ìyá tó kúnlẹ̀ yẹn?