Ọkọ̀ Onídìí Pẹrẹsẹ Tí A Rà Ní Pàtígì

Láti kékeré ni omi ti ń bà mí lẹ́rù. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí èmi àti ìyá mi ń ti oko bọ̀ lẹ́yìn òjò ńlá kan, tí mo ru abọ́ ẹ̀gẹ́ sórí. Odò tí a ti là kọjá láàárọ̀, tí kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, ti kún dé ìdí igi tó wà létí rẹ̀. Omi gba ẹsẹ̀ mi, abọ́ lọ, ẹ̀gẹ́ lọ, ohun tí mo tún mọ̀ ni pé ìyá mi di ẹ̀yìn aṣọ mi mú, ó ń wọ́ mi lọ sórí ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí omi bá ti kọjá ọrùn ẹsẹ̀, n kì í wọ̀ ọ́. Bí mo bá ń wẹ̀ pàápàá, inú garawa ni mo ti ń bu omi sára.

Ẹ wáá wò ó bí ó ti rí lára mi nígbà tí ọkọ mi sọ pé òun fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Òsí. Ọ́fíìsì kánsù ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin ni ọkọ mi ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ilé sú u, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ju ìwọ̀ sí adágún omi tí wọ́n dí sí ẹ̀yìn àwọn oko, èyí tí gbogbo wa ń pè ní dáàmù. Inú mi kọ́kọ́ dùn sí i. Ó ń mú ẹpìyà bọ̀, nígbà mìíràn ó ń mú àrọ̀, ara rẹ̀ sì yá ju ti ìgbà tó ń jókòó sí iwájú ilé lọ. Ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ kò dára, ẹrẹ̀ etí omi kò sì jẹ́ kí ó lè dúró pẹ́. Koríko tó hù yí dáàmù náà ká tún ga, inú omi tó wà lẹ́yìn koríko ni ẹja wà.

Ní Sátidé kan, a jọ ń bẹ iṣu lẹ́yìn ilé, ó ní, "Màmá, mo fẹ́ ra ọkọ̀ kékeré kan tí n óò máa fi dẹ àwọ̀n."

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Dádì, ẹ̀yin tí ẹ kò mọ omi í wẹ̀?"

"N kò ní í lọ síbi tó jìn. Ibi tí ọ̀pá bá ti ń kan ilẹ̀ ni n óò máa wà."

Mo gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó gbàgbé. Kò gbàgbé. Ó ń bi gbogbo ènìyàn léèrè, títí awakọ̀ kan fi sọ fún un pé ní Pàtígì, létí Odò Ọya, ọkọ̀ wà lóríṣiríṣi. Owó ìfẹ̀yìntì kì í sì í wá bó ṣe yẹ, mo mọ̀ pé èyí tó bá pọ́ọ́kú jù lọ ni yóò gbé. Ẹ̀rù tó ń bà mí ló mú mi sọ pé n óò bá a lọ.

A wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin, a sì tún wọ òmíràn lọ sí Pàtígì. Nígbà tí a dé etí odò, tí mo rí bí omi náà ti fẹ̀ tó, tí àwọn ènìyàn tó wà ní òdìkejì rí bíńtín, mo di apá ọkọ mi mú láàárín ọjà bí ọmọdé.

Bàbá Núpé kan tó ń kan ọkọ̀ ni wọ́n júwe fún wa. Ó ga, ó tinrín, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa nítorí pé ó ti gbé Ìlọrin rí. Kò sọ̀rọ̀ ọkọ̀ rárá ní àkọ́kọ́. Ohun tó bèèrè ni pé, "Omi tiyín ńkọ́? Báwo ló ṣe jìn sí? Kí ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀?"

Ọkọ mi ní, "Ẹrẹ̀ ni, àti koríko. Kùkùté igi sì wà níbẹ̀. Oko ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dí omi, wọn kò sì hú igi kúrò."

Bàbá náà mi orí. Ó mú wa lọ wo ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan, odindi igi kan tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀. Ó le bí irin, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ rí rogodo, nígbà tí ọkọ mi sì gbìyànjú láti tì í, kò mì. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọkọ̀ fáíbà kan hàn wá, èyí tó dà bí ike líle, tó fúyẹ́ tó sì lẹ́wà. Agbára wa kò ká a. Bàbá náà sì sọ fúnra rẹ̀ pé bí kùkùté bá là á, a kò ní í rí ẹni tí yóò tún un ṣe ní Òsí.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti pè wá. Ó ní ọkọ̀ alápákó kan tó ti lò rí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà búlúù kùn. Iye tó dá lé e kéré gan-an. Mo rí i bí ojú ọkọ mi ti tàn. Bàbá Núpé náà yí ojú sí ibòmíràn.

Ọ̀dà náà tutù débi pé ó lẹ̀ mọ́ mi níka. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí a wọ̀ ọ́ wò ná."

Ọkùnrin náà ní kí alàgbà nìkan wọ̀ ọ́. Ọkọ mi ti ń ká sòkòtò rẹ̀ sókè. N kò lè dúró sí èbúté kí n máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń lọ lórí omi ńlá yẹn. Mo bọ́ bàtà mi, mo sì wọ̀ ọ́. Títí di òní, n kò mọ ibi tí mo ti rí ìgboyà náà, bí ìgboyà bá ni.

Mo jókòó sínú rẹ̀, mo di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú ní ọ̀tún àti òsì. Ọkùnrin náà ń fi ọ̀pá tukọ̀. A kò tíì rìn jìnnà tí mo fi mọ̀ pé àtẹ́lẹsẹ̀ mi tutù. Mo rò pé omi tó ta sí wa lára ni. Ó dé ọrùn ẹsẹ̀ mi.

"Omi ń wọlé," ni mo wí.

Ọkùnrin náà ní, "Omi díẹ̀ ni. Gbogbo ọkọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọkọ mi wo ilẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n fi dí àlàfo láàárín pákó méjì ti yọ, omi sì ń sun níbẹ̀ bí ìgbà tí ike bá jò. Ó dìde lójijì. Ọkọ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì bá ara mi nínú omi.

Mo mu omi. Ojú mi ṣú, etí mi ń hó. Mo ń fi ọwọ́ wá ohun tí mo lè dì mú, n kò rí nǹkan kan. Mo mọ̀ pé mo ń kú. Kò sí ohun mìíràn tó wá sí mi lọ́kàn, kì í ṣe ọmọ, kì í ṣe àdúrà. Ẹ̀rù nìkan ni.

Ohùn bàbá Núpé náà ni mo gbọ́ láti èbúté. "Màmá, ẹ nàró. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀."

Mo nàró. Ìbàdí ni omi náà dé.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó ń yan ẹja sáré wá, ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi bò mí léjìká. Ọkọ mi, tó ti rin gbingbin, ń sọ pé, "Ẹ má bínú, Màmá," léraléra.

Nígbà tí ara mi rọlẹ̀, bàbá náà mú wa lọ sí abẹ́ igi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò tíì kàn tán, kékeré ni, pákó rẹ̀ tuntun, ìdí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ní, "Omi díẹ̀ ni èyí ń fẹ́ lábẹ́. Ẹni kan lè wọ́ ọ. Bí ó bá bàjẹ́, káfíńtà lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ ìjì o. Bí afẹ́fẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, kí alàgbà tètè gúnlẹ̀. Bí wọ́n bá sì wà nínú rẹ̀, kí wọ́n má dìde."

Owó rẹ̀ ju ti aláwọ̀ búlúù lọ, kò sì tó ti fáíbà. Ọkọ mi ń ronú. Èmi ni mo ní òun ni a ó rà, pé n óò fi owó àjẹṣẹ́kù mi kún un. Èmi tí n kò fẹ́ ọkọ̀ kankan.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ akẹ́rù kan já a sílẹ̀ ní iwájú ilé wa. Àwọn aládùúgbò wá wò ó, wọ́n ń fọwọ́ gbá a, wọ́n ń ki ọkọ mi kú oríire. Mo ń dáhùn pé a dúpẹ́, ọkàn mi kò sì balẹ̀.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e lọ sí dáàmù, mo tẹ̀ lé e. Ojú ọjọ́ mọ́ nígbà tó kúrò ní etí omi. Ó tukọ̀ yí ẹ̀yìn koríko gíga, n kò sì rí i mọ́. Lẹ́yìn náà ni ìkùukùu ṣú láti apá Ìlọ́fà, afẹ́fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ koríko náà mọ́lẹ̀. Mo pè é. N kò gbọ́ nǹkan kan. Àgbẹ̀ kan kọjá lórí ọ̀kadà, mo bẹ̀ ẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo omi, ó ní òun náà kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ó ní òun ń lọ pe ènìyàn, ó sì lọ.

Mo ń rìn létí omi, mo ń pè. Nígbà tí mo máa fi gbọ́ ohùn rẹ̀, omi ti dé orúnkún mi, n kò sì mọ ìgbà tí mo wọ inú rẹ̀. Mo rí i nígbà náà. Ọkọ̀ náà ti gun orí kùkùté kan, ó há síbẹ̀, ìgbì sì ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọkọ mi ti fi ọwọ́ kan tẹ ọ̀pá, ó ń wá bí yóò ti dìde.

"Dádì, ẹ má dìde," ni mo ké sí i. "Ẹ jókòó. Ẹ jókòó sílẹ̀ pátápátá."

Ó jókòó. Òjò dé. N kò lè lọ bá a, kò lè wá bá mi. Nínú òjò náà, mo ń pè é, ó ń dáhùn, nígbà tó bá sì pẹ́ kó tó dáhùn, àyà mi a já. Bí ìdí ọkọ̀ náà bá rí rogodo bíi ti ọlọ́pọ́n ni, ì bá ti yí danù lórí kùkùté yẹn. Ó kàn jókòó síbẹ̀, ó ń mì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ rọ̀, ọkọ mi fi ìdí wọ́ lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó fi ọ̀pá ti kùkùté, ọkọ̀ náà sì bọ́. Àwọ̀n ti lọ.

Nígbà tó gúnlẹ̀, a jókòó sínú ẹrẹ̀, àwa méjèèjì.

"Ẹ̀rù bà mí," ni ó wí.

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, títí àwọn ọmọ wa fi dàgbà, n kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tutù. Ẹ̀rù tí mo rò pé èmi nìkan ni mo ní, ó wà lára òun náà.

Kò pa omi tì. Ó ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ó sì ri ọ̀pá mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọn kùkùté tó mọ̀, ó so aṣọ funfun mọ́ wọn lórí. Bí ìkùukùu bá wà, kì í lọ. Ní Sátidé, mo máa ń dúró dè é létí omi. Ní ọjọ́ iṣẹ́, inú kíláàsì ni mo máa ń wà, bí afẹ́fẹ́ bá sì kan páànù òrùlé, n óò dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, àwọn ọmọ a sì máa wò mí. A ti jọ fẹnu kò pé bó bá ti gúnlẹ̀ ni yóò pè mí lórí fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára lápá ibẹ̀. Nígbà mìíràn ìpè náà kì í wọlé títí agogo àjáde fi ń lù, n óò sì kó ìwé àwọn ọmọ jọ, n óò kó o sínú báàgì, n óò máa wo fóònù náà.