Ẹran Tí Kò Léegun

Èmi ni mo sọ ọmọ ẹkùn kan di arọ. Àwọn ará wa ní Kalikak, àdúgbò tí àwa Yorùbá pọ̀ sí nílẹ̀ àjèjì níbí, ní kí n dákẹ́, pé kò sẹ́ni tó bi mí. Mi ò ní dákẹ́.

Mẹ́gádì ni mí nígbà náà, nílé ọ̀gá kan, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ní ìlú Akanda. Lọ́jọ́ kan ó ti ìlú Ntoum dé, ó gbé àpótí kan sílẹ̀. Ọmọ ẹkùn ló wà nínú rẹ̀, kò ju ológbò lọ. Ó ní òun rà á lọ́wọ́ ọdẹ. Àwa méjèèjì mọ̀ pé òfin kọ̀ ọ́. Ó ní kí n máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kí aládùúgbò má gbọ́.

Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́. Bó bá lá mi lọ́wọ́, bíi sáńpépà káfíńtà ni. Èékánná rẹ̀ máa ń wọlé sínú ẹsẹ̀ bó bá ń rìn, bí ọ̀bẹ tó wọ àkọ̀, kó lè máa mú. Mo po ṣúgà mọ́ omi fún un, kò tiẹ̀ yàtọ̀ sí omi lásán lójú rẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ kò mọ adùn.

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹran tó rọ̀ ni ti ẹni tí a fẹ́ràn. Ajá ló ni eegun. Láràárọ̀ ni mo ń gé adìẹ, mo ń fi ìka yọ gbogbo eegun rẹ̀, mo tún ń bó awọ dànù. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Ó ń sanra, mo sì ń yangàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fò sílẹ̀ láti orí àga kékeré, ó ké. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí wọ́. Ọ̀gá wò ó, ó ní òun mọ ẹni tó máa ra awọ àti eyín rẹ̀, pé kí n so ó mọ́lẹ̀ de Sátidé.

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Mi ò ní so ó."

"Ìwọ tí o ò parí ìwé mẹ́fà, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n?"

Mo gba ọ́fíìsì àwọn olùṣọ́ igbó lọ. Wọ́n mú dókítà ẹranko kan tẹ̀ lé mi padà sílé ọ̀gá, obìnrin ni. Ó fọwọ́ tẹ ọmọ ẹkùn náà lẹ́yìn títí dé ẹsẹ̀, ó wá bi wá pé ta ló ń bọ́ ọ, kí ló ń jẹ. Ọ̀gá ti ní òun kò mọ̀ ọ́n rí, pé èmi ni mo gbé e wá láti inú igbó.

Mo ní, "Ọ̀gá mi ló rà á. Èmi ló bọ́ ọ."

Mo ròyìn fún obìnrin náà bí mo ṣe ń yọ gbogbo eegun. Kò bú mi. Ó ní ẹkùn kì í jẹ ẹran nìkan, pé eegun, ẹ̀dọ̀ àti awọ wà nínú oúnjẹ rẹ̀. Ó ní ohun tó ń mú eegun le, ọkàn àti iṣan náà ń lò ó, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rí i. Bí kò bá sí nínú oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ á lọ yọ ọ́ lára eegun ẹranko náà fúnra rẹ̀.

Ó ní, "Ara rẹ̀ ló ń jẹ, ní gbogbo oṣù yẹn."

Wọ́n gbé e lọ. Obìnrin náà ní eegun rẹ̀ á le bó bá ń jẹ ohun tó yẹ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yẹn kò ní nà mọ́, kò sì lè padà sígbó láéláé.

Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn àgbà ìjọ wa ní Kalikak wá bá mi nílé, mẹ́ta. Wọ́n ní ẹnìkan kì í fa ọmọ ìlú rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́ nílẹ̀ àjèjì, pé kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá. Mo fún wọn lómi, mo jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Mo wá ní ẹkùn ni mo ṣẹ̀, mi ò ṣẹ ọ̀gá.

Wọ́n wo ara wọn. Èyí tó dàgbà jù ní orí mi ti dàrú. Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Mi ò tíì dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.