Ta Ni Yóò Sanwó Irun Dàda?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mi ò fẹ́ràn Yísà. Àbúrò mi Rodiat ló fẹ́ ẹ, èmi kọ́. Nígbà tí ìjà wọn ò tán, tí wọ́n tú ká, tí Yísà padà sí Ẹ̀pẹ́ lọ máa kan ọkọ̀ ojú omi, èmi ni mo gba Rodiat àti ọmọ rẹ̀ sílé mi ní Itamaga. Èmi náà ni mo fa àwọn méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà, kí ọ̀rọ̀ owó ọmọ má baà di ariwo.

Ìyáàfin Mojúbàolú tó wà níbẹ̀ là á yé wọn. Ó ní owó tí bàbá ń san kò mọ sórí oúnjẹ nìkan; owó ilé ìwé wà níbẹ̀, aṣọ àti bàtà, oògùn tí ara ọmọ ò bá yá, títí kan díẹ̀ nínú owó ilé, torí ọmọ ò ní máa sùn síta. Yísà ní òun gbọ́. Ká má purọ́, ó ń san án. Tí oṣù bá ti parí, fóònù Rodiat á dún, owó ti wọlé nìyẹn. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í yọjú. Mo máa ń sọ pé, "Ẹ wò ó, ó ń sanwó ọmọ bí ẹni ń sanwó iná!" Rodiat á ní, "Àǹtí mi, ẹ fi í sílẹ̀ jàre."

Ajíbọ́lá lọmọ náà ń jẹ́, ṣùgbọ́n Dàda là ń pè é, torí irun orí rẹ̀ ti ta kókó láti kékeré. Ó ti gùn dé èjìká. Wọn kì í ṣàdédé gé irú irun bẹ́ẹ̀. Wọ́n á se ẹ̀wà, wọ́n á gé ìrèké, wọ́n á pe àwọn ọmọdé wá jẹ ẹ́, wọ́n á ṣàdúrà. Nígbà tó wá tó láti wọ praimárì, ọ̀gá ilé ìwé ní kí wọ́n gé irun náà kó tó wọlé lọ́jọ́ Ajé. Rodiat tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Yísà pé kó fi owó sàárà irun Dàda ránṣẹ́. Yísà dá a lóhùn pé ìyẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n jọ sọ.

Háà! Orí mi gbóná. Rodiat ń sunkún, ó ní òun á kúkú mú un lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ń bà á pé àìsàn lè kọ lu ọmọ náà tí wọn ò bá ṣe é bó ṣe yẹ. Mo ní kó sọ fún Yísà kó wá bá wa ní wẹ́fíà.

Yísà wá lóòótọ́, eruku pákó ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Mi ò jẹ́ kó jókòó. "Ìwọ Yísà, ojú ò tì ẹ́? Ẹ̀wà àti ìrèké lo fi ń ṣahun sọ́mọ ẹ!"

"Àǹtí Fàlílátù, ẹ má bínú."

"Mo ti bínú ná!"

Ìyáàfin Mojúbàolú bẹ̀ mí kí n ṣe sùúrù. Ó kọjú sí i. "Bàbá Dàda, a ò lè ka gbogbo bùkátà ọmọ tán lọ́jọ́ kan. Èyí tó bá yọjú lójijì, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ gbé e. Ṣé owó ni ò sí ni?"

"Owó wà, mà." Ó kó owó jáde lápò, ó gbé e sórí tábìlì. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Oúnjẹ, mo fi ránṣẹ́. Aṣọ, mo fi ránṣẹ́. Nígbà tí ibà mú un, mo fi owó oògùn ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní kí n wá wò ó. Dàda lèmi náà. Nílé tiwa, bàbá ló ń gbé ọmọ lé itan tí wọ́n bá ń gé irun ẹ̀. Bàbá mi gbé èmi náà. Tí mo bá tún fi ìyẹn ránṣẹ́, kí ló wá kù tí mo máa fọwọ́ ara mi ṣe fọ́mọ mi?"

Mo fa àga tí mi ò jẹ́ kó jókòó lé lẹ́ẹ̀kan sún mọ́ ọn.

"Mi ò mọ̀ pé ẹ fẹ́ wá," Rodiat ní.

"Mo rò pé o ò fẹ́ rí mi mọ́ ni."

Lọ́jọ́ Sátidé, Yísà dé láti Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àpò ẹ̀wà àti ìdì ìrèké. Dàda kọ́kọ́ sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, ó jẹ́ kí bàbá rẹ̀ gbé òun lé itan. Bí sísọ́ọ̀sì ṣe kan irun rẹ̀ báyìí, ó figbe ta. Yísà fà á mọ́ra, ó ń sọ pé, "Ó kù díẹ̀, ọkọ mi, ó kù díẹ̀." Rodiat tẹ́ gèlè rẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi gba irun náà. Ọmọ àdúgbò jẹ ẹ̀wà yó.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Yísà dìde pé òun ń lọ. Dàda ti sùn lọ léjìká rẹ̀, ó rọra gbé e fún ìyá rẹ̀. Ó ní, "Tóṣù bá parí, mo máa fi owó ránṣẹ́."

"Ẹ má fi ránṣẹ́ mọ́," Rodiat ní. "Ẹ máa gbé e wá fúnra yín."

Yísà fọwọ́ pa Dàda lórí. Mo ní iná ni mò ń lọ wò ní kíṣìnnì, mo bá sá wọlé lọ nu ojú mi.