Ọdún Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kéré Jù Mí Lọ

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ ọmọ mi, má fi èdè ilé ìwé tún un ṣe.

Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí wa sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ bí, wọ́n wá bí èmi tẹ̀lé e. Nígbà tí àwọn agbowó-orí dé abúlé wa lẹ́bàá Ìjerò, irun abíyá ni wọ́n fi ń mọ ọkùnrin tó ti tó owó orí í san. Ẹ̀gbọ́n mi gbé apá sókè, abíyá ń dán. Bàbá mi búra pé ọmọdé ni. Èmi nìkan ni mo rí wọn ní ìdájí lẹ́yìnkùlé, tí bàbá ń fi abẹ fá a.

Kòkó ọdún yẹn kò tíì gbẹ tán tí bàbá mi fi ní kí n múra ilé ọkọ, ní Èrìò. Ọkùnrin náà kì í ṣèèyàn burúkú. Ọkàn mi ni kò tíì sí níbẹ̀. Mo sá lọ bá àbúrò yèyé mi ní Ará, bàbá sì gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù ìbílẹ̀.

Adájọ́ bi bàbá bóyá mo ti tó ilé ọkọ í lọ. Bàbá ní mo ti tó, mo tilẹ̀ ti kọjá bẹ́ẹ̀, àbí wọn ò rí àyà mi ni? Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Adájọ́ yíjú sí mi.

"Ìwọ, ṣé ọmọdé ni ọ́ àbí àgbà?"

Títí dòní ni mò ń ro ìbéèrè yẹn. Abíyá ni wọ́n fi wọn ẹ̀gbọ́n mi, àyà ni wọ́n fi wọn èmi. Kò sẹ́ni tó wo inú orí wa.

Bí mo bá sọ ti abẹ yẹn, pé ẹni tí bàbá búra pé ọmọdé ni ló ṣáájú mi wáyé, mo ti jàre. Ṣùgbọ́n akọ̀dà, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ tó bá àwọn agbowó-orí rìn, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ì bá ti bàbá mi mọ́lé. Mo wo bàbá. Wọ́n ti ṣí fìlà, wọ́n ń lọ́ ọ mọ́wọ́.

Mo ní, "Bàbá mi ni wọ́n mọ ẹni tó jẹ́ ọmọdé nínú àwa ọmọ wọn."

Bàbá mi húkọ́. "Ọmọdé ni. Ẹ jẹ́ ó dàgbà ná."

Adájọ́ ní tó bá yá, kí n fi ẹnu ara mi sọ ẹni tí mo fẹ́.

A rìn padà sílé, bàbá níwájú, èmi lẹ́yìn. Lẹ́bàá odò ni wọ́n ti sọ̀rọ̀, wọn ò sì wẹ̀yìn.

"Ta ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ yẹn?"

Mo ní kò sẹ́ni kankan.

"Hùn. O ti dàgbà tán, jàre."