Eyín Tó Ń Jẹ Ara Rẹ̀ Lójú Oorun

Ìgbéyàwó wa kò tíì pé ọdún kan tí ọkọ mi fi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú òyìnbó. Ó fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, ó sì sọ pé òun kò ní pẹ́. Ní Èkó ìgbà náà, ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ wà lókè òkun kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn èèyàn a máa kí wa kú oríire. Kò sí ẹni tó ń béèrè bí a ṣe ń sùn.

Mushin ni mo ń gbé, nínú yàrá kan tó wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mùsùlùmí ni onílé wa, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe, pákó ló sì fi pín àwọn yàrá náà níyà. Ìyá tó bí i ló ń gbé ní ìhà kejì ògiri mi, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde. Tí mo bá ti kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, ó di ọjọ́ kejì. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, mi ò lẹ́bí ládùúgbò náà. Aṣọ ni mò ń rán nínú yàrá mi. Àwọn oníbàárà á kó aṣọ wá, wọ́n á gba èyí tó ti parí, wọ́n á lọ. Ìgbà mìíràn wà tí ilẹ̀ á ṣú tí màá wá rí i pé ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ni mo ti ń gbọ́ láti àárọ̀.

Omi tútù ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé nǹkan ń ṣe eyín mi. Mo bu omi àmù mu lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, ló bá ta mí láti eyín iwájú títí dé inú etí. Mo gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo sì di ẹnu mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi omi sí oòrùn kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó mu ún. Nígbà tó yá, èémí tí mo bá fi ẹnu fà sínú lásán ti ń dùn mí. Tí mo bá sì jí láàárọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á máa ro mí bí ẹni tó fi gbogbo òru jẹ egungun.

Mo wo dígí. Eyín iwájú mi ti kúrú. Etí wọn ti rí pẹlẹbẹ, àwọ̀ wọn sì ti ń pọ́n bọ̀.

Obìnrin kan tó ń ta egbòogi lọ́jà Yábàá sọ fún mi pé kòkòrò ni. Ó ní kí n lọ èédú mọ́ iyọ̀, kí n máa fi pákò gbo eyín mi dáadáa láàárọ̀ àti lálẹ́, kí n sì máa fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí kòkòrò náà lè kú. Mo ṣe é tọkàntọkàn. Ta ni mo fẹ́ bi léèrè? Ìyá mi wà lọ́hùn-ún ní Ìjẹ̀ṣà, ọkọ mi wà lókè òkun. Bí mo ṣe ń gbo ó tó ni eyín náà túbọ̀ ń kan mí, àfi bí ẹni tí wọ́n ń fi yanrìn ha.

Láàárín ìgbà náà ni ọkọ mi kọ̀wé pé kí n fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo wọ aṣọ ìgbéyàwó wa, mo lọ bá ayàwòrán kan nítòsí Ojú Ẹlẹ́gbà.

Ayàwòrán náà ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀, àǹtí. Ọkọ yín lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, àbí?"

Mo pa ẹnu mi dé. Ó bẹ̀ mí títí, ó sú u, ó yà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èsì dé láti òkè òkun, ohun tí ọkọ mi bi mí ni pé kí ló dé tí mo fajú ro, ṣé mò ń bínú sí òun ni? Mo jókòó ti ìwé náà pẹ́. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ eyín sí ọkọ tí a kò rí.

Oníbàárà mi kan, nọ́ọ̀sì, ló rí mi tí mo ń fi ọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Òun ló sọ fún mi pé ilé ìwòsàn eyín wà ní erékùṣù Èkó, ní òdìkejì afárá. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ. A pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, gbogbo ẹni tó jókòó ló sì ní ẹni tó sìn ín wá.

Dókítà náà ti dàgbà díẹ̀, Yorùbá ni. Ó gbé iná sí mi lẹ́nu, ó wò ó yíká.

"Kò sí kòkòrò kankan níbí," ló wí. "Ṣé o ní abọ́ tánganran nílé?"

"Mo ní, sà."

"Tí ara rẹ̀ bá ṣí, ṣé o máa ń rí irin dúdú tó wà lábẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni eyín rí. Ohun líle kan ló bò ó lórí. Tìẹ ti ń jẹ tán. Kí lo fi ń fọ̀ ọ́?"

Mo sọ ọ̀rọ̀ èédú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fún un. Ó mirí. Ó tún fi ìka kan ibì kan tó ti jìn wọnú lára eyín iwájú mi.

"Aránṣọ ni ọ́. Eyín lo fi ń já òwú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wá ra àlùmọ́gàjí kékeré." Ó gbé ohun èlò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò lè ṣe eyín ẹ̀yìn tó báyìí. Ò ń payín keke lójú oorun. Ta lẹ jọ ń sùn nínú yàrá?"

Mo ní kò sí.

"Kò sí ẹnì kankan? Kò sí ẹni tó ti sọ fún ọ rí pé òun ń gbọ́ ọ?"

"Kò sí, sà."

Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn náà tó dúró tì í wo ilẹ̀. Omi bọ́ lójú mi, mo sì jẹ́ kí wọ́n rò pé eyín ló ń ro mí.

Dókítà náà kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún mi. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, kò ní hù padà. Kí èyí tó kù má baà lọ ni iṣẹ́ tí òun lè ṣe. Ó fi oògùn kun ibi tó ti ṣí, ó sì di ibi tó ti jìn. Ó ní kí n jáwọ́ nínú èédú, kí n rún orí pákò títí yóò fi rọ̀ kí n tó fi kan eyín, kí n má sì fi ọwọ́ líle gbo ó. Tí mo bá jẹ ohun kíkan, kí n fi omi lásán yọ ẹnu, kí n sì ní sùúrù díẹ̀ kí n tó fọ eyín. Nígbà tí mo padà lọ, ó fún mi ní rọ́bà kan tí ó ṣe bá eyín mi mu, pé kí n máa fi sẹ́nu sùn kí eyín má baà máa ha ara wọn. Ó ní, "Wá ẹni tí yóò máa fetí sí ọ. Ìwọ fúnra rẹ kò lè mọ̀ bóyá o ti jáwọ́."

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó lè kan ìlẹ̀kùn ìyá onílé wa lọ́sàn-án. Wọ́n jókòó lórí ẹní, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Mo ṣàlàyé. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ni! Mo rò pé àgbàdo sísun lò ń jẹ ni. Mo ní, 'Ìyàwó yìí láhun o, kì í fún èèyàn jẹ.'"

"Ìyá, ẹ máa ń gbọ́?"

"Lójoojúmọ́. Oorun ti kọ̀ mí tipẹ́." Wọ́n yí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà kan. "Tí mo bá ti gbọ́ ọ, ọkàn mi á balẹ̀ pé èèyàn wà nítòsí."

Àdéhùn wa ni pé tí wọ́n bá gbọ́ mi, kí wọ́n fi ọ̀pá kan ògiri pákó náà kí n lè jí. Láàárọ̀ mo máa ń lọ gbọ́ ìròyìn ara mi lẹ́nu wọn. Wọ́n á ní òní burú, wọ́n á ní òní sàn, wọ́n á sì bi mí ohun tó wà lọ́kàn mi. Díẹ̀díẹ̀ ni omi tútù ṣe padà di omi lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọmọ wọn obìnrin fi wá mú wọn lọ sí Ìjẹ̀bú kó lè máa tọ́jú wọn. Onílé kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú yàrá wọn. Mo ṣì ń fi rọ́bà náà sẹ́nu, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni bi léèrè mọ́.

Ọkọ mi dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ní èbúté, ó rẹ́rìn-ín sí mi, eyín rẹ̀ funfun, ó tò gẹ́rẹ́gẹ́, n kò sì dá ẹ̀rín náà mọ̀. Nígbà tí a jẹun tán nílé, ó kọ ẹ̀yìn sí mi fọ nǹkan kan nínú abọ́. Mo bi í kí ni.

Ó yíjú sí mi. Eyín àtọwọ́dá ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti wọnú bíi ti arúgbó. "Wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ ni," ló wí. "Wọ́n ní ó ti bàjẹ́, pé yíyọ ló dára jù. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ ọ́ sí ọ."

"Ṣé ó dùn yín?"

"Ó dùn mí. Kò sí ẹni tó bá mi lọ. Mo dá rìn padà sí yàrá nínú òtútù, aṣọ ìnujú lẹ́nu mi."

Mo ya ẹnu mi, mo fi tèmi hàn án. Ó fi ìka kan àwọn eyín kúkúrú náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ìlú òyìnbó fún mi, kì í ṣe èyí tó máa ń kọ sínú ìwé.