Iyọ̀ Eérú Tó Ti Mu Omi

Inú ṣì ń bí mi. Mo ti di ìyá àgbà, mo ti tọ́ ọmọ, mo ti gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí tíṣà kẹ́místrì wa ní Òkìtìpupa, ọkàn mi á tún gbóná.

Erinje ni ìyá mi ti ń se ọṣẹ. Á sun ìdì ẹyìn tí wọ́n ti yọ ọmọ rẹ̀ kúrò, á da omi sórí eérú rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, á gba omi tó ń ro sísàlẹ̀, á sì sè é títí yóò fi gbẹ di iyọ̀ funfun. Iyọ̀ yìí ló ń pò mọ́ epo. Nígbà òjò, kì í wọ̀n ọ́n láìkọ́kọ́ yan án nínú agbada. Iyọ̀ eérú a máa mu omi láti inú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, omi ló ń wọ̀n, ọṣẹ rẹ̀ kò sì ní dì. Ọmọ ọdún mẹ́fà mọ èyí nílé wa. Àfi tíṣà tó ní ìwé-ẹ̀rí!

Ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ ló gbé irú iyọ̀ kan náà wá sí kíláàsì. Pọtáṣíọ̀mù kabọnéètì ni ìwé ń pè é. Wọ́n ti ṣí ìgò rẹ̀ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iyọ̀ náà ti rin, ó ti lẹ̀ mọ́ra. Ó ní ká wọn gíráàmù 13.8, ká fi 138 pín in, torí ìyẹn ni ìwọ̀n móòlù kan: pọtáṣíọ̀mù méjì, kábọ́nù kan, ọ́síjìn mẹ́ta. Ìdáhùn á jẹ́ 0.1. Ìṣirò náà kò lábùkù. Ohun tó wà lórí òṣùwọ̀n ni kì í ṣe iyọ̀ nìkan.

Mo yan tèmi lórí iná títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi dín mọ́. Ó ku gíráàmù 12, mo fi 138 pín in. Mo kọ 0.087.

“Kí lèyí?”

“Sà, ó ti mu omi ni. Mo kọ́kọ́ yan án.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo kíláàsì sì bá a rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ìdí ọṣẹ ìyá rẹ lo rò pé o wà ni? Kọ 0.1, tàbí kí o kó ìwé rẹ lọ bá àwọn tó ń kọ́ oúnjẹ sísè. Kẹ́místrì rẹ parí lónìí.”

Bí mi ò bá ṣe kẹ́místrì, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ ṣe ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Torí àtirówó ilé-ìwé mi ni èéfín ṣe ń ta ìyá mi lójú lójoojúmọ́. Alákọrí! Ó mọ ibi tó dì mí mú sí. Mo pa ìdáhùn mi rẹ́, mo kọ 0.1. Ó fún mi ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Nígbà tí mo délé, mo sọ ohun tí a wọ̀n fún ìyá mi. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ mẹ́wàá tí wọ́n fi yíǹkì pupa kọ.

“Iyọ̀ eérú? Ọma mi, ṣé wo yan án kí wo tó wọ̀n ọ́n?”

Mo ní mo yan án. Ó ní òun mọ̀, òun ló kọ́ mi, ìdí tí mo fi gba mẹ́wàá nìyẹn. Ó mú ìwé náà, ó ń fi han gbogbo ará ilé. Mi ò lè la ẹnu sọ fún un pé torí mo sẹ́ ohun tó kọ́ mi ni wọ́n ṣe fún mi ní mẹ́wàá.